Òfìnkìn Ẹ̀ẹ̀rùn, Ibà Àkọ́rọ̀: Ta Ni Ń Kà Wọ́n?

   

Ọyẹ́ ń ká ẹní rẹ̀, òjò kò sì tíì tẹ́ tirẹ̀. Máńgòrò ti gbọn òdòdó rẹ̀ dànù, ó ti ń so wẹ́wẹ́. Èso àràbà ti là, òwú rẹ̀ sì ń fò kiri bí ẹni pé ẹnì kan ń tú tìmùtìmù lójú ọ̀run. Ẹni tí ó bá gun Olúmọ ní òwúrọ̀ kò ní rí òrùlé páànù ìlú wa dáadáa, nítorí eruku ti da aṣọ bò wọ́n. Láti oṣù Fẹ́búárì títí wọ oṣù Épírì, kò sí agboolé tí ẹ ó wọ̀ ní Òwu níhìn-ín, ìbáà ṣe ní Tótóró tàbí ní Òkè-Àgó, tí ẹ kò ní bá ẹni tí ń sín, ẹni tí ń wúkọ́, tàbí ẹni tí ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra ojú.

Bí ẹ bá béèrè pé kí ni ó ń ṣe wọ́n, ìdáhùn kì í ju méjì lọ. Bí imú bá ń ṣomi, òfìnkìn ni. Bí ara bá gbóná, ibà ni. Ibà wo? "Ibà lásán ni." Ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ a lọ bá oníkẹ́mísì pé kí ó po oògùn ibà fún òun, oníkẹ́mísì a bu hóró pupa, hóró funfun àti hóró aláwọ̀ ewé papọ̀ sínú ọ̀rá. Ẹni tí kò ní owó a já ewé dóńgóyárò, a sè é, a fi wẹ̀, a sì mu ife kan níbẹ̀. Bí ó bá di ọjọ́ mẹ́ta, ara a yá, tàbí kí ó má yá. Ohun tí ó ṣe aláìsàn náà gan-an, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àìkọsílẹ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí ó lè pa ènìyàn ju òfìnkìn lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya àwọn àìsàn àkókò yìí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí a má baà máa pe ewúrẹ́ ní àgùntàn.

Èkíní ni èyí tí kì í ranni. Eruku tàbí lẹ́búlẹ́bú òdòdó wọ imú, ara kà á sí ọ̀tá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé e: imú ń ṣomi, ojú ń yún, ènìyàn ń sín léraléra. Ọ̀tá kankan kò sí níbẹ̀ o. Bí ajá tí ń gbó òjìji ara rẹ̀ ni. Dókítà kan ní ìlú Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Charles Blackley, ni ó tẹ ìwé jáde ní 1873 tí ó fi hàn pé lẹ́búlẹ́bú tí ń bọ́ lára koríko ni ó ń fa òfìnkìn tí ń yọ òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu lọ́dọọdún. Ara rẹ̀ ni ó fi dán an wò. Ó tilẹ̀ so gíláàsì tí ó lẹ̀ mọ́ káìtì, irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń fi ìwé ṣe, ó fi í sókè réré láti mọ iye lẹ́búlẹ́bú tí ó wà nínú afẹ́fẹ́. Lónìí, bí ìgbà òdòdó bá dé lọ́dọ̀ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní sípíríǹgì, wọn a máa kéde iye lẹ́búlẹ́bú mọ́ ìròyìn ojú ọjọ́, kí ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á lè mọ bí yóò ti múra kí ó tó jáde.

Tiwa, eruku ni ọ̀gá. Eruku ọyẹ́ tí ń bà lé àdìrẹ ní Ìtòkú kì í ṣe eruku Abẹ́òkúta nìkan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Bodélé ní ilẹ̀ Chad wá, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ ní ayé àtijọ́, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì di ẹbu. Ibẹ̀ ju 1,500 kìlómítà lọ sí ọ̀dọ̀ wa. Lórí èyí ni a tún wá fi tiwa lé: eruku ibi tí a ti ń fọ́ òkúta, eruku ọ̀nà tí a kò da ọ̀dà sí, èéfín jẹnẹrétọ̀, àti èéfín igbó tí àwọn àgbẹ̀ ń sun kí òjò tó dé. Iléeṣẹ́ tí ń wo ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, NiMet, a máa kéde eruku ọyẹ́ yìí, àwọn awakọ̀ òfúrufú sì ń fetí sí i. Ìyá tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì láti àárọ̀ dé alẹ́ ni ó yẹ kí ó fetí sí i jù, nítorí òun ni ó ń gbé eruku náà mì.

Àmì tí ẹ ó fi mọ irú èyí ni pé ara kì í gbóná. Omi imú mọ́ gaara. Ojú ń yún. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a sì máa padà wá ní àkókò kan náà lọ́dọọdún, tàbí nígbàkúùgbà tí ènìyàn bá gbálẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọ́n omi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbá kíláàsì, aṣọ tútù sì ni kí ẹ fi máa nu pátákó. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dún bí fèrè, tí èémí ń sé, ó lè jẹ́ ásímà. Ẹ má ṣe jókòó ti àgbo, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé onítọ̀hún lọ, ìbáà ṣe òru.

Èkejì ni èyí tí ń ranni. Bí ọyẹ́ ti ń la ètè wa, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń gbẹ inú imú àti ọ̀fun wa, tí kòkòrò àrùn sì ń rí ojú ihò wọlé. Àwa náà a tún ti fèrèsé pa nítorí òtútù òwúrọ̀, ọmọ márùn-ún lórí ẹní kan. Infulúẹ́ńsà ń bẹ nínú wọn, èéyi ń bẹ níbẹ̀, apólò ojú ń bẹ níbẹ̀. Ní òkè Ọya, yírùnyírùn ni ó ń kó jìnnìjìnnì bá wọn ní àkókò yìí. Ní 1996, àwọn tí ó mú ní Nàìjíríà ju 100,000 lọ, àwọn tí ó kú sì ju 11,000 lọ, òjò ni ó sì máa ń rọ̀ ọ́ lójú. Ẹ má ṣe sọ pé òkè Ọya jìnnà. Àwọn tí ń kó àlùbọ́sà àti ẹ̀wà bọ̀ wá sí Lafẹ́nwá ń sùn lọ́hùn-ún kí wọ́n tó bọ̀. Ẹni tí orí ń fọ́ gidigidi, tí ara rẹ̀ gbóná, tí ọrùn rẹ̀ le tí kò ṣeé tẹ̀ síwájú, tí kò sì fẹ́ wo ìmọ́lẹ̀, kò ní wákàtí kan láti fi ṣòfò.

Ẹ̀kẹta ni ti àkọ́rọ̀. Òjò kan rọ̀, omi dúró sínú agolo àti táyà, ẹ̀fọn yé sí i, ibà ẹ̀fọn dé. Omi ẹ̀gbin ṣàn wọ kànga, onígbáméjì ń wá ọ̀nà. N kò ní dúró pẹ́ lórí ìwọ̀nyí nítorí a ti kọ nípa wọn rí lójú ewé yìí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú dání: láti 2010 ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ pé kí a máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí a tó lo oògùn ibà ẹ̀fọn. Ẹ̀jẹ̀ tíńtín láti orí ìka ni, kò sì tó ìdajì wákàtí tí ẹ ó fi mọ̀. Bí àyẹ̀wò bá ní kì í ṣe ibà ẹ̀fọn, nígbà náà ni ìbéèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: kí wá ni?

Nítorí ibà Lásà ń bẹ o. Láàárín "ibà lásán" àti ibà Lásà, ìyàtọ̀ kékeré ni lórí ìwé, ṣùgbọ́n ibojì ni ìyàtọ̀ rẹ̀ ní ilé. Lásà ni ìlú kan ní Borno níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá àrùn náà mọ̀ ní 1969. Eku ni ó ń gbé e kiri, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí gan-an sì ni ó ń jà jù, Òǹdó àti Ẹdó sì wà lára ibi tí ó ti ń jà gidigidi. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ibà ẹ̀fọn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn méjì fún yín, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn.

Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé infulúẹ́ńsà wọ Èkó. Ọdún yẹn kan náà ni ogun Adúbí jà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá nítorí owó orí, ọgbẹ́ rẹ̀ kò sì tíì jinná. Rélùwéè ti la Abẹ́òkúta kọjá láti ogún ọdún ṣáájú, àrùn náà sì wọ ọkọ̀ ojú irin láìsan owó. Kò sí ẹni tí ó ń kà á ní abúlé. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún abúlé kejì pé ó ń bọ̀. Àwọn òpìtàn tí ó ṣèṣirò lẹ́yìn náà sọ pé àwọn tí ó kú ní Nàìjíríà tó ìdajì mílíọ̀nù, nígbà tí gbogbo ènìyàn ilẹ̀ wa kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 18 lọ. Ẹ wò ó pé ìṣirò ni wọ́n ṣe. Iye náà gan-an kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn tí ó kú kò wọ ìwé.

Ìtàn kejì kò jìnnà sí wa, ní ti ilẹ̀ àti ní ti ọdún. Ní oṣù Fẹ́búárì 2020, ọkùnrin ará Ítálì kan bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù ní Èkó, ó sì wá sí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, lójú ọ̀nà tí gbogbo wa ń gbà lọ sí Èkó. Ara rẹ̀ gbóná. Ẹ rántí pé Fẹ́búárì ni: ta ni ara rẹ̀ kì í gbóná ní Ewékorò nínú Fẹ́búárì, tòun ti eruku sìmẹ́ǹtì àti eruku ọyẹ́? Ìbá rọrùn láti fún un ní oògùn ibà kí wọ́n sì ní kí ó lọ sùn. Ṣùgbọ́n ní ilé ìwòsàn kékeré ibẹ̀, wọ́n bi í ní ìbéèrè kan: níbo ni o ti ń bọ̀? Ó ní Milan. Wọ́n yà á sọ́tọ̀, wọ́n ránṣẹ́ sí ìjọba, wọ́n gbé e lọ sí Yábàá. Ní ọjọ́ 27 Fẹ́búárì, àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn Kòrónà ni, ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Wọ́n wá àwọn tí ó bá a pàdé kiri. Lára wọn ni wọ́n ti rí ẹnì kejì tí ó ní àrùn náà, ní Ewékorò kan náà, tí a sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù Máàṣì. Lẹ́yìn náà àrùn náà gba ọ̀nà mìíràn wọlé, ó sì tàn. Gbogbo wa ni a mọ bí ọjà ti tì tí ilé ẹ̀kọ́ sì tì. N kò sọ pé ìbéèrè kan ṣoṣo dá àjàkálẹ̀ àrùn dúró. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìlú mọ ohun tí ó dé bá a, ó mọ ọjọ́ tí ó dé, ó sì ráyè múra.

Láàárín ìtàn méjèèjì yìí, oògùn kọ́ ni ìyàtọ̀ àkọ́kọ́. Àkọsílẹ̀ àti ìránṣẹ́ ni.

Ta ni ó yẹ kí ó máa kọ ọ́? Ẹ ó ní dókítà. Ṣùgbọ́n dókítà kò lè rí ju ẹni tí ó bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ, àwa ará Abẹ́òkúta kì í sì í tètè lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1895 ni Fádà Coquard ti dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Láńtòrò, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ń rí àìsàn ni tíṣà tí ń pe orúkọ ní òwúrọ̀, ìyálọ́jà tí ó mọ ìsọ̀ tí ó tì láti ọjọ́ mẹ́ta, àti oníkẹ́mísì tí oògùn ikọ́ rẹ̀ tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bí orógbó bá wọ́n lójijì ní ọjà Ọmídá, ẹ̀yin tí ẹ ń tà á ti mọ̀ pé ikọ́ wọ̀lú, kí ẹnikẹ́ni tó wà ní Òkè-Mosàn tó gbọ́. Ikọ́ ọmọ kan kì í ṣe ìròyìn. Ikọ́ ọmọ mẹ́wàá láti àdúgbò kan náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìròyìn ni.

Èmi ní ìwé pélébé kan tí mo fi sí ẹ̀gbẹ́ réjísítà mi. Ẹni tí kò bá wá, mo máa ń béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ àdúgbò rẹ̀, mo sì ń kọ ọ́: ikọ́, ojú, inú rírun, ara gbígbóná, òkú ṣẹlẹ̀, owó kò sí. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ní oṣù Máàṣì ọdún kan, mo ṣàkíyèsí pé ọmọ mẹ́rin tí kò wá jẹ́ ti agboolé kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo sì kọ sí iwájú wọn: "ojú pupa, ara gbígbóná." Mo dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Èéyi ni. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbádùn bọ̀, ṣùgbọ́n àbúrò wọn kan tí kò tíì tó ilé ẹ̀kọ́ lọ wà nínú yàrá tí wọ́n ti aṣọ dí fèrèsé rẹ̀. Ìyá àgbà ń fi ẹmu wẹ̀ ẹ́, wọn kò sì fún un ní ẹran tàbí ẹyin jẹ, nítorí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́. N kò bá ìyá àgbà jà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ìyá, ẹ ṣeun tí ẹ dúró tì í. Ẹ jẹ́ kí a jọ gbé e lọ." A gbé e lọ. Wọ́n fún un ní fítámì A, wọ́n tọ́jú àyà rẹ̀ tí ó ti dí. Ọ̀la rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ gun ọ̀kadà dé, ó gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, ó sì ka àwọn ọmọ àdúgbò náà tí kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n ju bí a ti rò lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti gún wọn. Ọmọ náà yè. Ojú rẹ̀ òsì kò ríran dáadáa mọ́ títí di òní.

Ẹ̀yin ìyá, èéyi kì í ṣe àlejò tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ gbà. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń bẹ ní oṣù kẹsàn-án àti ní oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ó jẹ́ kí ayé mọ bí èéyi ti ń pa ọmọ ní ilẹ̀ wa, ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín ni ó ti ṣe iṣẹ́ náà. Dókítà David Morley, Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì, dé sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956. Ó mú ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ń ka àwọn ọmọ ibẹ̀ láti ọjọ́ ìbí títí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún: ìwọ̀n wọn, ikọ́ wọn, ìgbẹ́ gbuuru wọn, èéyi wọn, ikú wọn. Kò fi ilé ìwòsàn ńláńlá bẹ̀rẹ̀. Ìkàwé ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Inú iṣẹ́ yẹn ni káàdì tí a ń fi ìwọ̀n ọmọ sí ti jáde, tí ó sì tàn kárí ayé. Nígbà tí ìyá kan ní Íńdíà bá ń mú káàdì ọmọ rẹ̀ lọ síbi ìwọ̀n, ọwọ́ àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé wà nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí, ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà. Ní 1998, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó wà nínú àjọ WHO fohùn ṣọ̀kan pé ètò kan ṣoṣo ni kí gbogbo wọn máa fi ṣọ́ àrùn. Nítorí náà, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Nàìjíríà, tí ó jẹ́ 774, ni ó yẹ kí ó ní òṣìṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ nípa àrùn kí ó sì ròyìn rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 20 nínú wọn. Ti Àríwá Abẹ́òkúta, ẹ béèrè rẹ̀ ní Akọ́mọjẹ; ti Gúúsù, ẹ béèrè rẹ̀ ní Aké. Bí ẹ kò bá mọ ọ̀nà, nọ́ọ̀sì tí ó wà ní ilé ìlera àdúgbò yín mọ̀ ọ́n. Àwọn àrùn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ pé wákàtí 24 kí a tó sọ ọ́. Láti ìjọba ìbílẹ̀, ìròyìn a lọ sí ìpínlẹ̀, láti ìpínlẹ̀ a lọ sí Àbújá, sí iléeṣẹ́ NCDC tí a dá sílẹ̀ ní 2011. Ẹnikẹ́ni lè pe 6232 lórí fóònù láìsan kọ́bọ̀. Nígbà tí Ébólà wọ Èkó ní 2014, tí ó mú 20 ènìyàn tí 8 sì kú nínú wọn, eré àsápajúdé ni a sá lẹ́yìn àwọn tí wọ́n fara kàn. Inú ìrírí yẹn ni Nàìjíríà àti àwọn ará Jámánì ti jọ ṣe ẹ̀rọ kan, SORMAS, tí òṣìṣẹ́ lè fi kọ àrùn sínú fóònù láti abúlé, kí Àbújá sì rí i kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo mọ ohun tí ń bẹ lọ́kàn yín, ẹ̀yin ọlọ́jà. "Bí wọ́n bá gbọ́ pé àrùn wà ní ìsọ̀ mi, ta ni yóò ra ẹ̀kọ mi?" Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ní 2020 ọ̀pọ̀ yín jẹ owó ìṣòwò tán nínú ilé. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: èyí tí a tètè rí kò ju ìsọ̀ kan tàbí agboolé kan lọ, omi àti abẹ́rẹ́ ni a ó fi bá a jà. Èyí tí a fi pamọ́ títí tí ó fi gba àdúgbò ni ó ń ti gbogbo ọjà pa.

Ẹ̀sùn kan wà tí èmi pẹ̀lú ní, n kò sì ní fi bò. Ìròyìn a máa gòkè, kì í sọ̀ kalẹ̀. A ó sọ, a ó kọ, wọn yóò gbà á, lẹ́yìn náà kẹ́kẹ́ a pa mọ́ wọn lẹ́nu. NCDC ń tẹ ìròyìn ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ jáde, ó sì dára. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó sì wà. Aláta wo ni yóò kà á ní Kútọ̀? Ìlú tí a ti tẹ ìwé ìròyìn ní èdè Yorùbá láti 1859, kò yẹ kí ó ṣòro fún un láti gbọ́ ìròyìn àìsàn rẹ̀ ní èdè rẹ̀. Bí OGBC bá lè fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n kàn sọ pé, "Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, èéyi ń bẹ ní ibi báyìí, ibà Lásà kò sí ní Ògùn, eruku yóò pọ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì," ẹ ó rí i pé àwọn ènìyàn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra wọn mú ìròyìn wá. Ẹni tí a bá dá lóhùn ni í tún pè.

Àyè kù díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìwé kan. Ìyá kan tí ń ta ata ní Lafẹ́nwá béèrè pé ṣé lóòótọ́ ni pé bí ènìyàn bá wo ojú alápólò, yóò kó o, àti pé kí ló dé tí a ń pè é ní apólò.

Ìyá mi, ẹ kú ọjà. Ti orúkọ ni mo kọ́kọ́ mú. Ní 1969, ní àárín ọdún, àrùn ojú kan tí ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Accra ní ilẹ̀ Gánà, ó sì gba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan. Ìgbà náà gan-an ni àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ Apollo 11 balẹ̀ sínú òṣùpá. Àwọn ènìyàn ní àwọn Òyìnbó ti lọ da òṣùpá láàmú, eruku rẹ̀ ni ó ń bọ́ sí wa lójú. Irọ́ ni, kòkòrò àrùn ni. Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò lọ mọ́. Ti ìbéèrè kejì: rárá o, wíwò kì í ranni. Ọwọ́ ni ó ń ranni, aṣọ ìnujú ni, ìrọ̀rí ni, igi tìróò tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jọ ń lò ni. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí olúkúlùkù ní aṣọ ìnujú tirẹ̀, kí ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n sì jókòó sílé títí yóò fi mọ́. Ẹ má ṣe kán omi ṣúgà sí i, ẹ má ṣe kán ìtọ̀ sí i, ẹ má sì ra oògùn ojú lọ́wọ́ àwọn tí ń polówó nínú ọkọ̀. Bí ó bá ń dunni gidigidi, tàbí tí ìríran ń ṣókùnkùn, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ojú àwọn ọmọ agbègbè yín bá sì pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì náà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.